Ibi Tí Oúnjẹ Ń Gbà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin a máa fi ẹnu há píìnì bí ó bá ń ránṣọ. Àwọn abẹ́rẹ́ kékeré tó lórí ṣùgbọ́n tí kò níhò òwú ni mò ń sọ, èyí tí aránṣọ fi ń di aṣọ mú kí ó tó gbé e sábẹ́ máṣíìnì. Mẹ́rin, márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́jọ, á kó wọn sí àárín ètè lẹ́ẹ̀kan náà, á máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń ṣẹ́ etí aṣọ, á sì máa fi igun ẹnu kejì bá mi sọ̀rọ̀. Èmi náà kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá wa bá wa wí títí ó fi sú wọn.

Zangouettin ni ilé wa wà, kò jìnnà sí ọjà ńlá Wagadugu. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa ti wá nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣèjọba, aṣọ ni wọ́n ń tà, Wagadugu ni wọ́n sì bí àwa méjèèjì sí. Ọdún mẹ́jọ ni ẹ̀gbọ́n mi fi jù mí lọ. Kò lọ sílé ìwé, nítorí pé nígbà tó yẹ kó lọ, bàbá wa kò tíì gbà pé ìwé wúlò fún ọmọbìnrin. Nígbà tí ó fi máa kàn mí, wọ́n ti gbà. Mo kàwé, mo gba sẹtifíkà, mo sì di ẹnu ilé wa lọ́dọ̀ ìjọba. Bí lẹ́tà bá dé, èmi ni mo ń kà á. Bí wọ́n bá pe bàbá wa sí bírò, ìyẹn ọ́fíìsì, èmi ni mo ń tẹ̀ lé wọn lọ sọ Faransé. Mo ń lọ sí ọmọ ogún ọdún nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ó sì dá mi lójú pé kò sí ohun tí ènìyàn lè fi Yorùbá sọ tí n kò lè fi Faransé sọ.

Ọdún kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn òmìnira ni, n kò rántí dáadáa mọ́. Ọyẹ́ ti dé, eruku pupa ń bà lé gbogbo nǹkan, ayẹyẹ orílẹ̀-èdè sì ti sún mọ́lé. Ilé ìwé kan gbé iṣẹ́ fún wa, ṣòkòtò péńpé àti ẹ̀wù kakí fún àwọn ọmọ tí yóò yan kọjá níwájú àwọn aláṣẹ. A kò tíì gba iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ṣòwò káàkiri, wà ní ìlú Bobo nígbà náà, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi padà sílé bàbá wa kí àwa méjèèjì lè jọ ṣe é. A gbé máṣíìnì méjì sí abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà nínú àgbàlá, a sì ń rán an láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi máa ń wọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, olùkọ́ tó gbé iṣẹ́ náà fún wa wá wo ibi tí a bá a dé. Ó ní kí a wọn òun náà fún ṣòkòtò kan. Ikùn rẹ̀ yọ síta díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti fi téèpù yí i ká, ó fa ikùn náà wọlé, ó di èémí mú, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo kọ iye tí mo rí sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Kò tíì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo dìde, mo fi téèpù yí ìdí ara mi ká, mo fa ikùn wọlé, mo sì fi ohùn imú sọ pé, "Mademoiselle, má fún un jù o."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Ó fa èémí láti tún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gé lójijì. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé nǹkan mì, bí ẹni tí kò fẹ́ gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí ba, ó tu àwọn píìnì tó kù sí àtẹ́lẹwọ́.

"Mélòó ló wà lẹ́nu yín?" mo bi í.

"Márùn-ún."

Mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. A wá ìkarùn-ún lórí ẹní, a gbọn aṣọ kakí, a wo abẹ́ máṣíìnì. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ jáwọ́ nínú wíwá. Ó fi ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Ẹ má wá a mọ́. Ó wà nínú mi."

Ìyá wa, tí wọ́n ti bá wa wá a, sáré lọ síbi iná. Wọ́n ro sagabo, ọkà tí àwọn Mọ́sì ń fi bàbà rò, wọ́n bu òkèlè ńlá, wọ́n ní kí ó gbé e mì láìjẹ ẹ́ kí ó lè ti píìnì náà lọ. Ó gbé e mì. Omi dà lójú rẹ̀.

"Ó lọ?"

"Ó sún. Kò lọ."

Wọ́n tún fún un ní òkèlè kejì àti ìkẹta. Nígbà tí ó di ìkẹrin, ó fi ọwọ́ ti ọwọ́ wọn kúrò. Àwọn ará ilé ti pé jọ nígbà náà. Ọkùnrin ará Ọ̀ffà kan, tó ń ta páàtì moto, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, dúró lókè orí wa, ó mi orí, ó ní, "Hà. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run."

Gbogbo wa la mọ òwe náà. Ọ̀kánjúwà ni wọ́n fi ń bá wí, ẹni tí ìfẹ́ oúnjẹ yóò pa. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sókè wò ó.

"Ṣé oúnjẹ ni mò ń jẹ ni?" ó bi í. "Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Ọkùnrin náà padà sínú yàrá rẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, mo mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà ní àdúgbò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń dá wa lóhùn níbẹ̀, ọmọ Mọ́sì ni, kò lè fi ju ọdún mẹ́ta lọ dàgbà jù mí. Mo gbọ́ Mòórè, èdè wọn, ṣùgbọ́n Faransé ni mo fi kí i, kí ó lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo ṣàlàyé píìnì fún un. Ó bi mí pé níbo ló ń dùn ún.

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ó ní níbo ló ń dùn yín."

"Ọ̀fun."

"La gorge," mo sọ fún un.

Ó ní kí ó lanu. Ó fi ìdí ṣíbí tẹ ahọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu, ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní píìnì ti bọ́ sínú, bí ó ti ń lọ ló ha á lára, ojú ibi tó ha á náà ló ń dùn ún.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọn orí. "Sọ fún un pé kì í ṣe ibi tó ń wò yẹn. Kì í ṣe ibi tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Ìsàlẹ̀ ni, níbi tí oúnjẹ ń gbà, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, bí mo bá gbé itọ́ mì, itọ́ á bá a níbẹ̀." Ó fi ìka sí kòtò ọrùn, ó sì wọ́ ọ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé àárín àyà.

Mo wá ọ̀rọ̀ tí n óò fi sọ ọ́. N kò rí i. Gorge ni mo mọ̀ fún gbogbo ohun tó wà láti ẹnu dé inú. Bí mo bá fi Faransé sọ pé ọ̀nà oúnjẹ, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ títì tí moto ń gbà, ọmọkùnrin yìí yóò fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ro gbogbo èyí láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo wá sọ fún un pé, "Ó ní ó ń dun òun gan-an."

Ó mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó fún wa ní oògùn olómi tí yóò máa fi fọ ọ̀fun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

"Kí ló sọ?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí bí a ti ń jáde.

"Ó ní yóò lọ."

Ó lo oògùn náà bí wọ́n ti ní kó lò ó. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kọ tí wọ́n pò bí omi nìkan ló lè mu. Lọ́jọ́ kẹta, kò lè mu ẹ̀kọ náà mọ́. Ó gbé abọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì, ó ń tu itọ́ sínú rẹ̀, ó ń ránṣọ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó lọ dùbúlẹ̀. Ó ní bí òun bá dùbúlẹ̀, ta ni yóò rán kakí? Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ara rẹ̀ gbóná, nígbà tí ó sì tutọ́, mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ó tín-ínrín bí òwú. Mo pa abọ́ náà dé kí ìyá wa má bàa rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i.

Bàbá wa wà lọ́jà. Ará Ọ̀ffà tó pa òwe ló gbọ́ igbe ìyá wa, tó jáde, tó gbé alùpùpù rẹ̀ síta láìbéèrè ohunkóhun. Ó gbé ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn, ó fi ìborùn ìyá wa so ó mọ́ ara rẹ̀ kí ó má bàa já bọ́. Èmi gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀, a jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ará Ọ̀ffà ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó má sọ̀rọ̀, kó fi ara balẹ̀, òun kò ní í lọ títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Àgbàlagbà nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ń kọjá lọ. Ó gbọ́ Yorùbá, ó dúró.

"Ẹ kú ìjókòó o. Ọmọ ibo ni yín?"

Ará Dahomey ni, láti Kétu. Nàgó tirẹ̀, bí wọ́n ti ń pe Yorùbá lọ́hùn-ún, ń yí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan létí wa, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò yé wa níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ mi díẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè pé ó tó, ó sì lóṣòó síwájú ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ọ̀fun méjì ló wà. Ọ̀kan wà tí èémí àti ohùn ń gbà. Ọ̀kan wà tí oúnjẹ ń gbà. Inú èwo ló wà?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Ti oúnjẹ."

"Òkè ni àbí ìsàlẹ̀?"

Ó fi ìka hàn án, láti kòtò ọrùn wálẹ̀ sí àárín àyà, bí ó ti fi han ẹni àkọ́kọ́.

"Bí ẹ bá gbé itọ́ mì ńkọ́?"

"Á dé ibẹ̀, á dúró, á padà."

"Ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?"

"Láti ọjọ́ kìíní. Mo sọ ọ́."

Kò wò mí nígbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà yọ bébà kékeré, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí i, ó ní kí n gbé e fún àwọn tó ń ya fọ́tò inú ara. Mo ka ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà. Œsophage. Lẹ́tà méjì lẹ̀ mọ́ ara wọn níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, n kò sì mọ bí mo ṣe lè pè é.

Wọ́n ya fọ́tò náà. Píìnì hàn níbẹ̀ kedere, ìlà funfun kan tó dúró gbágbá níwájú egungun ẹ̀yìn, orí rẹ̀ wà lókè, ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Dókítà, òyìnbó Faransé tí irun rẹ̀ ti ń funfun, sọ pé òun yóò fi ọ̀pá irin gígùn kan tó ní ihò nínú gba ẹnu rẹ̀ wọlé, òun yóò fi ẹ̀mú kékeré gba inú ọ̀pá náà, òun yóò sì fà á jáde. Ó ní bí ó bá pẹ́ sí i níbẹ̀, yóò lu ibẹ̀, yóò sì di ọ̀ràn mìíràn.

Lọ́tẹ̀ yìí mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀, n kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀.

"Irin ló há síbẹ̀," ó ní, "wọ́n tún fẹ́ ti irin bọ̀ ọ́."

Bàbá wa dé láti ọjà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ìyá wa bẹ̀ ẹ́, wọ́n sunkún. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé, ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́ ni kó ṣẹlẹ̀. Dókítà ní òun kò lè fipá ṣe é. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, nọ́ọ̀sì ará Kétu padà wá, ó gbé àga kékeré kan, ó jókòó ti ibùsùn rẹ̀. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kí lẹ kọ sí bébà àbúrò mi?"

"Orúkọ ibi tó ń dùn yín. Àwọn dókítà ń pè é ní œsophage."

"Ẹ̀sọfáàjì," ó ní. "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí. Àwọn fàdá ló tọ́ mi. Wọ́n fẹ́ kí n di fàdá bíi tiwọn, wọ́n sì kọ́ mi ní èdè àwọn Gíríìkì àtijọ́ díẹ̀. Èdè náà ni wọ́n ti mú un. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀. Ọ̀kan ni 'yóò gbé.' Èkejì ni 'jẹ.' Ohun tí yóò gbé ohun tí a jẹ, ìyẹn ni wọ́n ń wí."

"Gbé e kẹ̀? Ṣé kì í ṣe pé oúnjẹ ń já bọ́ sínú wa ni?"

"Rárá o. Ṣé ẹ ti rí ẹṣin tó ń mu omi?"

Ta ló ń gbé Wagadugu nígbà náà tí kò tíì rí i? Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti rí i.

"Orí rẹ̀ wà nílẹ̀, ikùn rẹ̀ wà lókè. Báwo ni omi ṣe ń dé ibẹ̀? Wọ́n ń gbé e lọ ni. Ibi tí mò ń wí yìí kì í ṣe páìpù. Ẹran ara ni, ó ní agbára. Bí ẹ bá ti gbé nǹkan mì, á fún pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, á tì í síwájú, á tún fún pọ̀, títí á fi gbé e dé inú. Ẹ kò ní láti sọ fún un. Ẹ kò tilẹ̀ lè dá a dúró."

Ẹ̀gbọ́n mi tutọ́ sínú abọ́. "Ó túmọ̀ sí pé ó ń gbìyànjú láti gbé píìnì yìí lọ."

"Ní gbogbo ìgbà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé itọ́ mì, á fún un mọ́ra láti gbé e, píìnì á sì gún un. Kò mọ̀ pé irin ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé nǹkan."

"Alárù ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Alárù."

Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tí ó fi ọwọ́ lé àyà, kì í ṣe bí ẹni tí ara ń ro, bí ìgbà tí ènìyàn fọwọ́ lé ọmọ lórí ni. Ó wá sọ pé, "Ẹ sọ fún dókítà kí ó bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀."

Ní òwúrọ̀ ni wọ́n ṣe é. A jókòó síta lábẹ́ igi, bàbá wa ń fa tẹ̀súbáà, ará Ọ̀ffà ń rìn lọ rìn bọ̀. Kò pẹ́ tó bí a ti rò. Nọ́ọ̀sì náà jáde, ó ní píìnì náà ti jáde, ibẹ̀ kò ya, ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀. Bàbá wa ní "Alihamudulilahi," ará Ọ̀ffà ní "Barka," ọ̀rọ̀ tí àwọn Mọ́sì fi ń dúpẹ́, bí ẹni pé ọjà ló ń ná. Èmi wọlé sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún níbẹ̀, mo fọ ojú kí n tó jáde.

Ó lo ọ̀sẹ̀ kan ó lé díẹ̀ níbẹ̀. Mílíìkì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un, ṣíbí kan, kí wọ́n dúró, ṣíbí kejì. Ohùn rẹ̀ há. Ará Ọ̀ffà wá kí i pẹ̀lú ẹyin mẹ́fà tí kò lè jẹ. Ó ní kí ó má bínú, òwe yẹn kàn bọ́ lẹ́nu òun lọ́jọ́ náà ni.

"Alùpùpù yín ló gbé mi wá," ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "N kò rántí òwe kankan."

Ní ti kakí, bàbá wa kó èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ aránṣọ ará Dahomey kan, ó bá wa parí rẹ̀. Ọjọ́ ayẹyẹ, inú yàrá ilé ìwòsàn ni a wà, a ń gbọ́ fèrè àwọn ológun láti òkèèrè. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀, ìyá wa ti lọ sílé lọ pààrọ̀ aṣọ. Mo ti ń wá àyè láti sọ nǹkan kan fún un láti ọjọ́ mẹ́rin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò sọ ohun tí ẹ ní kí n sọ fún ọmọkùnrin yẹn."

"Mo mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ kò gbọ́ Faransé."

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ gùn. Èyí tí ìwọ sọ kúrú."

N kò mọ ibi tí n óò wò. Ó gbé ṣíbí mílíìkì kan mì, ó dúró títí ó fi lọ tán.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún un pé o kò mọ ohun tí wọ́n ń pè é?"

"Ojú tì mí."

"Ojú tì ọ́." Ó tún un sọ bí ẹni tó ń wo bí aṣọ ṣe nípọn tó. "Ó dára. Nígbà mìíràn, jẹ́ kí ojú tì ọ́ lójú wọn. Má jẹ́ kó jẹ́ lẹ́yìn tí mo bá ti kú."

Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí ayé. N óò fẹ́ kí ó mẹ́nu kàn án nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ará Kétu bi bàbá wa bóyá mo lè máa wá bá wọn túmọ̀ fún àwọn Yorùbá àti Nàgó tó ń wá láti ọjà, nítorí òun nìkan kò lè wà níbi gbogbo. Bàbá wa fẹ́ kọ̀. Wọ́n ní ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ máa wo ìhòòhò àwọn aláìsàn kiri. Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tó há náà. Ó ní òun kò rò pé ó yẹ kí ẹlòmíràn fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe ohun tó yẹ kí ó fi ìbéèrè kan ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo sì ṣe é fún ọdún mẹ́fà.

Mo ra ìwé ìkọ̀wé kan. Mo ń kọ orúkọ ẹ̀yà ara sí i, Faransé lápá kan, Yorùbá lápá kejì, mo sì bẹ àwọn Mọ́sì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n sọ tiwọn fún mi, mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe Faransé nìkan ni n kò mọ̀. N kò mọ Yorùbá náà. Mo mọ ọ̀fun, mo mọ gògóńgò, ṣùgbọ́n n kò tíì fìgbà kan bi ara mi pé èwo ni èwo. Àwọn aláìsàn ló kọ́ mi. Ẹni tí ohùn rẹ̀ há á di gògóńgò mú, níbi tí eegun ti yọ síta lọ́rùn ọkùnrin. Ẹni tí oúnjẹ há sínú rẹ̀ á ní ọ̀fun, á sì fi ọwọ́ wọ́ àyà wálẹ̀. Ẹni tí òtútù mú náà á ní ọ̀fun, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ní í kọjá abẹ́ àgbọ̀n. Mo wá mọ̀ pé ọwọ́ ni kí n máa wò.

Bàbá wa rí ìwé náà lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní kí n ka èyí tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ œsophage. Mo kà á, pé ọ̀nà ọ̀fun ni.

"Ta ló wá sọ pé a kò ní orúkọ fún un?" ni wọ́n wí. "Látijọ́ ni a ti ń pè é bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó ti wà lẹ́nu wa, nínú òwe tí ará Ọ̀ffà pa gan-an, ṣùgbọ́n òwe nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀, n kò gbọ́ ẹ̀yà ara. Síbẹ̀ mo sọ fún wọn ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, pé ọ̀nà ni tiwa, pé agbẹ́rù ni ti àwọn Gíríìkì. Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà náà kò burú, ẹni tó bá ń rìn ni kó mọ ibi tó ń gbé ẹsẹ̀ lé.

Dókítà mìíràn tó wá lẹ́yìn ìgbà náà sọ fún mi pé àwọn onímọ̀ èdè kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní "yóò gbé" dá wọn lójú, ṣùgbọ́n pé "jẹ" tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn kan ń ṣiyèméjì sí. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, nítorí kò rí i bí ohun tó yẹ kí a máa jiyàn lé lórí. Alárù ló ń pè é títí, ó sì ń sọ ọ́ fún àwọn obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Bobo, níbi tí ó bá ọkọ rẹ̀ lọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ibi tí píìnì náà ti gún un jinná, ṣùgbọ́n ó fún díẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ní láti jẹ òkèlè kéékèèké, kí ó sì mu omi lé e. Bí ó bá wá sí Wagadugu fún ọdún Iléyá, gbogbo wa á ti jẹun tán, a ó ti ṣanwọ́, àwọn ọmọ á ti sá lọ síta, òun á ṣì kù síbi abọ́. Ìyá wa kì í dìde. Wọ́n á fi ẹran kékeré kan sílẹ̀ nínú abọ́ tiwọn, wọ́n á máa fọwọ́ yí i kiri, bí ẹni pé àwọn náà kò tíì jẹun tán.